Súìsì Ara Ògiri Kò Tíì Di Ohun Àtijọ́

Ọ̀pọ̀ ilé tuntun ló wà báyìí tí àlejò lè wá súìsì iná títí lára ògiri pálọ̀ kó má rí i. Rìmóòtù ni onílé ń tẹ̀, tàbí kó fa fóònù yọ. Iná inú POP á pọ́n, á di búlúù, á wá rọlẹ̀ nígbà tí oorun bá ń kun onílé. Fáàrí náà dára. Àmọ́ ilé tí rìmóòtù nìkan ti lè tan iná, iṣẹ́ ibẹ̀ kò tíì parí, iye yòówù kí wọ́n san.

Lọ́jọ́ tí iná bá kọ̀ tí kò dáhùn, gílóòbù ni wọ́n sábà máa ń dá lẹ́bi, wọn a sì sáré lọ ra òmíràn. Rìmóòtù ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bátìrì pẹlẹbẹ inú àwọn kékeré, CR2025, kì í pẹ́ kú bí ọmọdé bá ń fi bọ́tìnì ṣeré. Bó bá jẹ́ irú tó ń lo infrared, ìtànṣán tí ojú lásán kò lè rí, kámẹ́rà fóònù á tú àṣírí rẹ̀: kí wọ́n kọjú ẹnu rìmóòtù sí kámẹ́rà iwájú, kí wọ́n tẹ bọ́tìnì. Bí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ àlùkò bá ń ṣẹ́jú lójú fóònù, rìmóòtù kò kú. Ojú tó ń gba ìtànṣán náà ni kí wọ́n wá lọ, nítorí àwọn oníṣẹ́ mìíràn a máa tì í sẹ́yìn POP, infrared kò sì lè la POP kọjá. Èyí tó ń lo rédíò, irú tó sábà máa ń jẹ́ 433 MHz, ń la ògiri kọjá, kámẹ́rà kò sì ní rí nǹkan kan níbẹ̀ bó tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ti Wi-Fi ló ń fa ìyọnu jù. 2.4 GHz nìkan ni ọ̀pọ̀ gílóòbù wọ̀nyí ń gbọ́. Bí onílé bá sì pààrọ̀ ráútà tàbí páásíwọ́ọ̀dù, wọn kò mọ ara wọn mọ́ nìyẹn. Èyí tó tún burú ni pé àwọn tó ṣe é kò ro ti NEPA mọ́ ọn. Àṣẹ tí wọ́n fi sínú ọ̀pọ̀ gílóòbù ni pé bí wọ́n bá tàn án, tí wọ́n pa á, lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún léraléra, kó gbàgbé Wi-Fi tó mọ̀ tẹ́lẹ̀, kó máa ṣẹ́jú. Níbi tí iná kì í já, ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, NEPA lè mú iná wá, kó mú un lọ, kó tún mú un wá, kí àwọn ọmọdé tó parí igbe “Up NEPA!” Onílé á rí gílóòbù tó ń ṣẹ́jú, á ní ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́, ẹni tí yóò tún fi Wi-Fi hàn án ló ń retí.

Àwọn tó ń yọ súìsì ní àwíjàre kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí súìsì bá wà, màmá àgbà á pa á kó tó lọ sùn, bó ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, gílóòbù tí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì lè gbọ́ ohun tí fóònù ń sọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n màmá kọ́ ló ṣẹ̀. Tó bá jí lóru láti lọ tọ̀, ṣé fóònù ọmọ rẹ̀ ni kó lọ máa wá? Inú súìsì ló yẹ kí ọgbọ́n wà, kó lè gbọ́ ti fóònù, kó sì gbọ́ ti ọwọ́.

Ọ̀ràn Insteon, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe súìsì tí fóònù ń darí ní Amẹ́ríkà, jẹ́rìí sí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń darí áàpù rẹ̀ ṣàdédé dákẹ́ láìsí ìkìlọ̀. Fóònù kò tan nǹkan kan mọ́, àmọ́ àwọn tí súìsì wọn wà lára ògiri ṣì ń fi ọwọ́ tan iná.

Wáyà ló ń dí irú súìsì ọlọ́gbọ́n yìí lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ súìsì bẹ́ẹ̀ nílò wáyà nútírà, bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé, nútírà kì í kọjá òkè àjà. Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ lè ní kí wọ́n fà á sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Ẹni tó ti ń gbé inú tirẹ̀ á ra irú tí kò nílò nútírà. Àwọn kan lára ìwọ̀nyẹn a máa mú gílóòbù LED tàn fírífírí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa á. Kápásítọ̀ kékeré kan ni oníṣẹ́ iná ń so mọ́ gílóòbù láti dá a dúró.