Orúkọ Tí Ó Wà Lára Irin

Ìlù, aṣọ àti ìkòkò ni a sábà máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí ní abala yìí. Ìbọn ni ó kàn lónìí. Ó lè ya àwọn àgbà kan lẹ́nu, pàápàá ní àsìkò tí ìròyìn ìkọlù láti Alibori àti Atacora ti ń gba oorun lójú ènìyàn láti ìparí ọdún 2021. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ni ó bi wá léèrè. Wọ́n ti rí ìbọn kúkúrú kan nínú fíìmù, wọ́n sì gbọ́ pé ní òkè òkun, èyí tí ó ti gbó nínú irú rẹ̀ lè gba owó tí ó tó kọ́ ilé. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ìbéèrè gidi ni, ó sì kàn wá ju bí wọ́n ti rò lọ.

Pistolet-mitrailleur ni àwọn Faransé ń pe ìbọn náà. Arọ̀jò-ọta ni, ṣùgbọ́n ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan lè gbé e sáré, ọta ìbọn ìléwọ́ ni ó sì ń yìn. Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó bí i. Inú kòtò gbọọrọ ni àwọn ọmọ ogun ń gbé nígbà náà, ìbọn gígùn kò sì rọrùn láti yí síhìn-ín sọ́hùn-ún ní ibi tí ó há bẹ́ẹ̀. Ní 1918 àwọn ará Jámánì gbé MP 18 jáde, èyí tí Hugo Schmeisser ṣe. John Thompson ní Amẹ́ríkà náà ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ogun ti parí kí ó tó délẹ̀. Nígbà tí ó dé ọjà ní 1921, nǹkan bí 200 dọ́là ni wọ́n ń tà á, owó ńlá ní ayé ìgbà náà. Àwọn ọlọ́pàá rà á, àwọn jàǹdùkú Chicago náà rà á; àwọn jàǹdùkú ni fíìmù rántí jù.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, ẹnikẹ́ni kò wá ẹwà mọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ìbọn tí kò wọ́n, tí ó sì yá ṣe, wọ́n sì gbé Sten jáde ní 1941: páìpù irin àti irin pẹlẹbẹ tí a jó pọ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Rọ́ṣíà ṣe PPSh-41 ní mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù. Ẹ̀yìn ogun ni ilẹ̀ Faransé ṣe MAT-49, èyí tí wọ́n ń rọ ní ìlú Tulle. Ilé ọta rẹ̀ ṣeé ká síwájú kí ó sùn sábẹ́ ẹnu ìbọn, kí ó má baà máa gún ẹni tí ó gbé e níhà. Wọ́n gbé e jà ní Indochine, wọ́n gbé e jà ní Algérie. Àwọn ọmọ Dahomey wà lára àwọn tí ilẹ̀ Faransé kó lọ sí irú ogun bẹ́ẹ̀. Tirailleurs sénégalais ni wọ́n ń pè wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣe ọmọ Senegal.

Kí ni ó wá sọ irin bẹ́ẹ̀ di ohun tí olówó ń du? Ní Amẹ́ríkà, òfin ni. Òfin 1934 ní kí a forúkọ gbogbo ìbọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí a sì san 200 dọ́là lé e lórí, iye kan náà tí wọ́n ń ta Thompson fúnra rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1986, òfin mìíràn ti ìlẹ̀kùn pa: èyí tí kò bá tíì wà nínú ìwé nígbà náà, aráàlú kò lè ní in mọ́. Iye wọn kò lè lé sí i, àwọn tí ń wá wọn sì ń pọ̀. Ìdí nìyẹn tí Thompson kan fi lè gba owó tí ó lé ní 20,000 dọ́là. Ní ilẹ̀ Faransé, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Kí aṣàkójọ tó lè gbé e sílé, wọ́n ní láti pa ìbọn náà: wọn a dí ẹnu rẹ̀, wọn a jó àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ pọ̀, kò sì ní yìn mọ́ láé. Síbẹ̀ ó ń lówó lórí.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti gbà wá lọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ pé yíyìn ni iyì ìbọn, èyí tí a ti dí lẹ́nu kì bá tí já mọ́ nǹkan kan. Ohun tí aṣàkójọ ń rà ni nọ́ńbà tí a tẹ̀ sára irin, àmì ilé iṣẹ́ tí ó rọ ọ́, àti ìwé tí ó fi hàn pé ọmọ ogun báyìí ni ó gbé e lọ sí ibi báyìí. MAT-49 méjì lè jọra bí ìbejì. Èyí tí ó ní ìtàn ni yóò gba owó jù.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ní Tchaourou, ní Alafiarou, títí dé Kilibo, pistolet-mitrailleur kì í ṣe ohun ìní ilé. Ọwọ́ ṣọ́jà ni a ti ń rí i, a kò sì gbàdúrà láti rí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìbọn tiwa ni ṣakabùlà tí ó gbára lé ògiri ní ilé ọdẹ. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń rọ ẹ̀tù sí. A ó fi ọ̀pá kì í, a ó wá fi ọta tẹ̀lé e. Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò dún, ọdẹ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ń fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ṣọdẹ ní láti mọ ẹran, kí ó mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi ẹran sílẹ̀ kí ó máa lọ.

Ìtàn tirẹ̀ kò dùn látòkèdélẹ̀. Ẹrù òkun ni irú ìbọn yìí kọ́kọ́ jẹ́; ó ń gba èbúté bíi Ouidah wọlé, ènìyàn ni a sì fi ra ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn baba ńlá wa ní Ṣábẹ̀ gun orí òkè nítorí àwọn ọmọ ogun Dahomey tí wọ́n gbé e wá. Kétu fọ́ ní 1886. Ní àkókò kan náà ní ìhà ìlà-oòrùn, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ń bá Ìbàdàn jà. Àwọn ọmọ wọn tí ó wà ní Èkó bá wọn wá ìbọn tuntun tí a ń ti ẹ̀yìn kì, ìró ohun ìjà sì ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Ọba Béhanzin náà ra ìbọn Winchester àti àgbá Krupp lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Jámánì. Wọn kò gba Abomey là: Ọ̀gágun Dodds wọ ibẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1892.

Ta ni ó wá rọ èyí tí ó wà nílé yín? Àwọn alágbẹ̀dẹ wa a máa pààrọ̀ irin tí ó ti jẹ, wọn a sì máa gbẹ́ ìdí igi mìíràn fún un. Ìbọn kan ṣoṣo lè ní ẹnu láti Yúróòpù àti ìdí láti Ṣábẹ̀. Kò ní nọ́ńbà, kò ní ìwé. Orí bàbá ọdẹ ni ìwé rẹ̀ wà, àwọn bàbá wọ̀nyí sì ń dínkù. Bẹ́ẹ̀ ni ìfòyà ìsinsìnyí ti jẹ́ kí ọdẹ tí a bá pàdé lóru di ẹni tí a ń fura sí. Kò yani lẹ́nu bí àwọn ọmọ bá fẹ́ kí irin náà kúrò nílé kíákíá, kódà bí ó jẹ́ sọ́dọ̀ ẹni tí ń ra àlòkù irin.

Ẹ wo ère Gou tí ó wà ní Louvre ní Paris. Gou ni Fọ̀n ń pè é, Ògún ni tiwa. Ouidah ni àwọn Faransé ti kó o lọ ní 1894. Nígbà tí wọ́n dá ohun 26 padà fún Bénin ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, kò sí lára wọn. Ṣùgbọ́n a mọ orúkọ alágbẹ̀dẹ rẹ̀: Akati Ekplékendo. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Adúláwọ̀ tí ó wà lókè òkun kò ní orúkọ ẹnikẹ́ni lábẹ́. Lójú tiwa, ohun tí ó ní orúkọ ṣòro láti fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn nígbà tí onílé bá ń bèèrè rẹ̀. Àwọn tí ń ra ohun àtijọ́ kiri abúlé mọ èyí. Wọn a ra irin lọ́wọ́ ọ̀dọ́ ní owó táṣẹ́rẹ́, bí wọ́n bá dé ìlú ńlá, wọn a wá hun ìtàn mọ́ ọn.

A kò ní kí ẹnikẹ́ni máa wá ìbọn kiri, a kò sì ní kí a yin èyí tí ó ti pẹ́. Ẹ̀tù àtijọ́ léwu, ẹnu ìbọn tí ìpẹtà ti jẹ sì lè bẹ́ lójú ẹni tí ó yìn ín. Ní ti ìwé àṣẹ, àwọn ọlọ́pàá ni kí ẹ bi. Ohun tí à ń bẹ̀ yín sí kò ju bírò àti ìwé lọ. Ẹ jókòó ti bàbá ọdẹ tí ó wà nílé yín, ẹ bi í ní orúkọ alágbẹ̀dẹ tí ó tún ìbọn náà ṣe, ẹni tí ó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ìnáwó òkú tí ó ti dún gbẹ̀yìn, àti bóyá ẹnì kan láti agbo ilé náà lọ sí Indochine. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa ní Yorùbá tàbí ní Faransé. A ó tẹ ìtàn náà jáde. Ilé tí ìbọn wà, a ò ní dárúkọ rẹ̀.