Ta Ni Ó Ni Ògiri?

Nígbà tí Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì, kú ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ohun dúdú tí ń hù lára ògiri tí ó rin ti ba èémí rẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 2017 ni baba rẹ̀ ti ń ké gbàjarè sí ẹgbẹ́ tí ó ni ilé, tí wọ́n sì ní kí ó kun ọ̀dà lé e lórí. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ṣùgbọ́n àwọn onílé wọ̀nyí kọ etí dídi sí ọ̀rinrin, wọ́n ń wá ẹ̀bi sínú ìṣe ìdílé náà, títí kan bí wọ́n ti ń wẹ̀. Ìgbà tí ọmọ ti lọ tán ni wọ́n tó jẹ́wọ́ pé àwọn ṣìnà.

Àwa Yorùbá tí ń gbé ilé káńsù, ìyẹn ilé ìjọba ìbílẹ̀, ní Peckham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, gbọ́ orin yìí títí ó fi sú wa: ẹ ṣí fèrèsé, ẹ dín ọbẹ̀ sísè kù, ẹ má sá aṣọ sínú ilé. Ìyálọ́mọ tí ó ń sá aṣọ ọmọ ọwọ́ sórí hítà nínú òtútù oṣù Kìíní, tí kò ní àgbàlá, tí ìwé àdéhùn ilé sì ka aṣọ sísá sí bálíkónì léèwọ̀, níbo ni ẹ̀yin onílé fẹ́ kí ó sá a sí? Òtítọ́ ni pé àwọn mìíràn a máa fi àkísà dí ihò atẹ́gùn. Òtútù ilé yín ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀.

Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ó dára, ògiri ta ni? Òfin ọdún 1985 ti di àtúnṣe ògiri, òrùlé àti páìpù omi ru onílé. Nísinsìnyí tí òfin tí a fi orúkọ Awaab pè ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, tí ó ní kí irú àwọn onílé wọ̀nyí mójú tó ewu pàjáwìrì láàárín wákàtí 24, kí wọ́n sì yẹ ọ̀rinrin tí ó léwu wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ onílé ń ráhùn pé owó kò tó. N kò bá wọn kẹ́dùn. Bí onílé kò bá tíì yẹ páìpù àti fáànù ilé ìdáná wò, ó yẹ kí ó di èèwọ̀ fún un láti dárúkọ ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú lẹ́tà. Ní ti owó ìtanràn fún onílé tí ó bá rú òfin náà, inú owó ilé ayálégbé náà ni yóò ti jáde. Nítorí náà, owó oṣù ọ̀gá àgbà ni kí wọ́n kọ́kọ́ gé.