Káàdì Àwìn

Àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní Amẹ́ríkà mọ káàdì àwìn tí àwọn ilé ìtajà fi ń fa oníbàárà. A kò sọ pé kò lérè: Target a máa yọ 5 nínú 100 kúrò lórí ọjà ẹni tí ó ní tirẹ̀. Ìlérí “kò sí èlé fún oṣù 12” tí àwọn mìíràn ń ṣe ni ó ń kọ wá lóminú. Bí dọ́là kan bá ṣẹ́ kù lọ́jọ́ tí àdéhùn pé, wọn yóò ka èlé láti ọjọ́ ìrajà. Ní 2024, èlé púpọ̀ nínú wọn ju 30 nínú 100 lọ lọ́dún. Òṣómàáló tiwa, ojúkojú ni ó ń lóṣòó gbowó. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn tí ń lọ ní ìṣirò yìí kí wọ́n tó gbéra.