Ṣé Ti Ojú Ni Àbí Ti Òjò? Èrò Mi Lórí Àpò Kọ̀ǹpútà Wa

Ní Oṣù Òkúdu ọdún tó kọjá, òjò ká mi mọ́ orí kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà Ajíbọ́dé. Kẹ̀kẹ́ ológeere kan ni, ẹ̀gbọ́n mi ló fi sílẹ̀ fún mi nígbà tó ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Àpò tó wà lọ́rùn mi jẹ́ èyí tí mo rà nítorí pé ó rẹwà: ó dúdú, ó ń dán, ó sì ní irin aláwọ̀ wúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Òjò náà kò rọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó rí abẹ́ òrùlé sá sí, omi ti gba ojú síìpù wọlé, ó ti dúró sí ìsàlẹ̀ àpò bí ìgbà tí èèyàn bu omi sínú abọ́. Inú omi yẹn ni kọ̀ǹpútà mi jókòó sí.

Kọ̀ǹpútà náà kò tàn mọ́. Ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ dùn mí jù. Ìyá àgbà kan wà lẹ́bàá Ọ̀yọ́ tó sun ẹkún ìyàwó fún mi nítorí iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ìgbà mẹ́sàn-án ni mo gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù kí àyè lè wà, mo sì ń sọ lójoojúmọ́ pé n óò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn lọ́la. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe rí mẹ́fà yọ. Mẹ́ta lọ pátápátá. Kí n tó rí owó ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ ìyá, wọ́n ti dágbére fáyé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Mi ò lè pe òjò lẹ́jọ́. Àpò ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi, ẹjọ́ ọ̀hún sì padà sórí èmi tí mo rà á. Èrò tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi gbé yẹ̀wò nìyí: ojú la fi ń ra àpò kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà tí à ń tọ̀ ló yẹ ká máa fi rà á.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ á dá àjọ, á bẹ ẹ̀gbọ́n, á bẹ àbúrò ìyá, kó tó rí owó kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kó jọ. Lọ́jọ́ tó bá gbé e dé yàrá, inú àpò tí wọ́n fún un lọ́fẹ̀ẹ́ níbi àpérò ni yóò tì í sí, àpò tí aṣọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn lè ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀, ìdáhùn ni pé àpò ni àpò. Mo ti sọ gbólóhùn yẹn rí. Mi ò ní sọ ọ́ mọ́.

Irú àpò tí púpọ̀ nínú wa ń gbé ni èyí tó ní okùn kan ṣoṣo, tí à ń gbé kọ́rùn kó fi dábùú àyà. Messenger bag ni wọ́n ń pè é, èyí tí a lè pè ní àpò ìránṣẹ́, orúkọ náà sì ní ìtàn. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jíṣẹ́ kiri àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, bíi New York, ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Wọ́n á kó lẹ́tà àti ìwé ọ́fíìsì sínú rẹ̀, wọ́n á sá láàárín ọkọ̀, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á yí àpò wá síwájú láìbọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n á mú ìwé jáde, wọ́n á tún gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ní 1989, ọ̀kan nínú wọn ní San Francisco, Rob Honeycutt, bẹ̀rẹ̀ sí í rán irú àpò yìí fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ yẹn ló di Timbuk2, tí àwọn kan nínú yín ti rí orúkọ rẹ̀ lára àpò.

Mo sọ ìtàn yìí nítorí pé iṣẹ́ ló fún àpò náà ní ìrísí rẹ̀. Okùn rẹ̀ fẹ̀ nítorí ẹrù wúwo. Ìdérí rẹ̀ tóbi, ó bo ẹnu àpò ó sì sọ̀ kalẹ̀ níwájú, nítorí òjò kì í dá ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ sí. Inú rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ohun tí omi kì í gbà kọjá, bíi tapólì tí àwọn onílọ́rì wa fi ń bo ẹrù. Èyí tí wọ́n ń tà fún wa lọ́jà lónìí, orúkọ nìkan ló kù lára ọ̀pọ̀ wọn. Okùn tín-ín-rín, síìpù lókè gbalaja, ìdérí tí kò bo ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó ń gbé e láti inú mọ́tò wọ ọ́fíìsì kò ní rí àléébù rẹ̀. Àwa tí à ń gun kẹ̀kẹ́, tí à ń gun ọ̀kadà, tí à ń dúró de Micra lábẹ́ òjò ní Ọ̀jọ́ọ̀, àwa la máa rí i.

Kí ni kéèyàn wá máa wò? Mo ti ra mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́rin, mo sì ti kábàámọ̀ méjì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wọn kọ̀ǹpútà yín. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pè é, bí íǹṣì 14 tàbí 15.6, ojú rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n láti igun kan sí igun kejì ní dídábùú. Kò sọ bí ara rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Èyí tí wọ́n ń pè ní 15.6 sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 36 sí 38. Ẹ mú okùn ìwọnṣọ, ẹ wọn fífẹ̀, gíga àti nínípọn, kí ẹ sì mú òǹkà náà lọ sọ́jà. Àpò tó há yóò máa fa síìpù ya. Èyí tó sì tóbi jù yóò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa sáré kiri nínú rẹ̀ bí ẹ bá já sínú kòtò, kòtò ò sì wọ́n wa.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ti ń kú. Àyè tí kọ̀ǹpútà ń wọ̀ nínú àpò gidi kì í kan ilẹ̀ àpò; ó máa ń rọ̀ sókè díẹ̀, bí ìka méjì. Tí ẹ bá gbé irú àpò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ lójijì, ilẹ̀ kò ní kan kọ̀ǹpútà. Ẹ ti ọwọ́ bọ inú àpò, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ dídún tábìlì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ láìsí fóòmù tó dí i, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ọ̀rọ̀ okùn ló kàn. Èyí tó bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún kì í gé èjìká. Ẹ wo ibi tí okùn ti pàdé ara àpò. Bí ìkọ́ irin kékeré ló so wọ́n pọ̀, ìkọ́ yẹn ni yóò kọ́kọ́ já, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ẹrù wà. Èyí tí wọ́n rán okùn rẹ̀ mọ́ ara àpò, tí wọ́n rán ní ìránkọ́sọ̀ọ́, ló lè pẹ́. Fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, nǹkan kan tún wà tó ṣe pàtàkì: okùn kékeré kejì tó máa ń gba abẹ́ apá tàbí ìbàdí. Láìsí i, bí ẹ bá tẹ̀ síwájú láti gun òkè, àpò yóò yọ̀ láti ẹ̀yìn wá síwájú, yóò máa lu orúnkún yín. Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ ló kù kí n ya lu ọkọ̀ tó ń bọ̀.

Ti omi wá kù. Ohun tí omi kì í tètè wọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí omi kì í wọ̀ rárá, àwọn òǹtajà sì máa ń fi orúkọ kan náà pe méjèèjì. Aṣọ lè dára kí ojú abẹ́rẹ́ máa jò. Ẹ ṣí àpò, ẹ gbé e sójú oòrùn, kí ẹ wo inú rẹ̀: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, omi náà yóò gba ibẹ̀. Síìpù tó wà lókè láìní ìdérí ni ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ jù. Bí ẹ bá sì ti rà á délé, kí kọ̀ǹpútà tó wọ inú rẹ̀ rárá, ẹ kó ìwé ìròyìn àtijọ́ sí i, ẹ tú pọ́ọ̀wọ̀tà kan lé e lórí díẹ̀díẹ̀. Ìwé yẹn ni yóò sọ òtítọ́ fún yín.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ fún yín pé kí ẹ ra àpò ẹ̀yìn olókùn méjì. Ìbéèrè náà tọ́. Kọ̀ǹpútà ńlá kan lè wọn kílò méjì, ẹ ṣírò ṣájà, ìwé méjì àti ìgò omi mọ́ ọn, ó ti ń lọ sí kílò mẹ́rin. Lórí èjìká kan ṣoṣo, ìyẹn kì í ṣeré. Ẹni tó bá ń gbé tó bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, tí ọ̀nà rẹ̀ sì jìn, kó lo olókùn méjì, tàbí kó so ẹrù mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀, tó ń sọ̀ tó ń gùn, tó ń ti inú Micra bọ́ sí orí ọ̀kadà, àpò ìránṣẹ́ ló rọrùn fún un jù. Nínú ọkọ̀, orí itan yín ni yóò wà, níbi tí ojú yín ti ń ká síìpù rẹ̀. Lórí ọ̀kadà, ẹ fi sí àárín ẹ̀yin àti ẹni tó ń wà yín, kó má baà sí ẹni tí yóò fà á látẹ̀yìn. Okùn tó dábùú àyà, bí olè bá fà á, ó lè fa ènìyàn pẹ̀lú rẹ̀.

Èyí tó tún lágbára jù ni ọ̀rọ̀ owó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ronú oúnjẹ alẹ́, ṣé òun ni n óò ní kó lọ ra àpò òkè òkun? Rárá. Àpò kẹta mi, èyí tí mo ń gbé báyìí, Agbowó ni wọ́n ti rán an. Bàbá kan tó ń rán àpò ọmọ ilé-ìwé ni mo lọ bá. Mo ṣàlàyé gbogbo ohun tí mo fẹ́, wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n wá bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé ti ojú lo fẹ́ ni àbí ti òjò?” Mo ní, “Ti òjò ni, Bàbá.” Wọ́n fi tapólì bo inú, wọ́n gé fóòmù tí àwọn tó ń ṣe sálúbàtà ń lò fún ìsàlẹ̀, wọ́n sì gba okùn bẹ́líìtì àwọn mọ́tò tí wọ́n ti tú palẹ̀ ṣe okùn èjìká. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógún náírà ni mo san. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún ni mo ra èyí tó ń dán yẹn. Àpò tuntun náà kò rẹwà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń pè é ní àpò bíríkìlà. Òjò ti pa á láìmọye ìgbà, ìwé inú rẹ̀ ò tíì rin.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti jáde ní ẹ̀ka yìí. Ẹ máa ń béèrè ohun tí ẹ lè ṣe fún àwọn àbúrò yín. Ẹ̀yin ṣe ìwádìí yín nígbà tí téèpù àti ìwé àkọsílẹ̀ ṣì wà. Tiwa wà nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí omi lè pa. Bí ẹ bá fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ gba ohùn àwọn arúgbó sílẹ̀ ní nǹkan, ẹ fún un ní àpò tó dúró re àti ohun tí yóò fi ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ọ̀sẹ̀ ẹgbẹ́ náà, bí a bá tún fẹ́ pín àpò, ẹ jẹ́ ká dín iye rẹ̀ kù kí a lè rán an dáadáa lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n rán nítòsí wa.

N kò sọ pé àpò gidi lè gba èèyàn lọ́wọ́ àìṣe ẹ̀dà. Èmi ni mo fi ti lónìí di tọ̀la, mo sì ti jẹ ìyà rẹ̀. Nínú iṣẹ́ mi tí ẹ óò rí ní ilé ìkàwé ẹ̀ka, ẹkún ìyàwó mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé pé mẹ́sàn-án ni ìyá sun.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí náà. Ẹ gbé àpò yín, ẹ gbé e sójú oòrùn, kí ẹ wo inú rẹ̀ lónìí.