Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: Èdè-Ìperí nínú Ìwé Òfin Èdè Kọ̀ǹpútà C

Láti ìgbà tí apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ti jáde ní 1984, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, ni ó ti hàn gbangba pé Yorùbá lè gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ rù. Ìbéèrè tí ó kù ni pé, kí ni ó yẹ kí ẹni tí ó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún ìmọ̀ kọ̀ǹpútà máa wò? Oríkì ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásán.

Ìwé òfin èdè C, tí ANSI fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní 1989, tí àjọ àgbáyé ISO sì gbà wọlé ní 1990, fi èyí hàn. Ìwé náà fún àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ń lò ní oríkì kí ó tó gbé òfin kalẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn fara jọra: implementation-defined, unspecified àti undefined.

Nínú ti àkọ́kọ́, ẹni tí ó ṣe kọ̀ǹpáílà, ìyẹn ètò tí ó ń tú C sí èdè ẹ̀rọ, ni yóò yan ohun tí yóò ṣẹlẹ̀, ó sì di dandan kí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àpẹẹrẹ ni iye bíìtì inú báìtì kan, tí kò gbọdọ̀ dín ní 8. Nínú ìkejì, òfin fàyè gba ju ọ̀nà kan lọ, kò sì pọn dandan kí a kọ èyí tí a yàn sílẹ̀. Nínú ìkẹta, òfin yọwọ́ pátápátá. Bí ètò bá fi òdo pín nọ́ńbà odidi, ó lè dúró, ó sì lè mú ìdáhùn òdì wá. Ìwé òfin kò ṣèlérí kankan.

Bí atúmọ̀ èdè bá pe ìkẹta yìí ní 'aláìnítumọ̀', akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé kò léwu. 'Ìyàn alákọsílẹ̀', 'ìyàn aláìkọsílẹ̀' àti 'ìṣe ẹ̀yìn-odi òfin' sún mọ́ oríkì wọn jù.

Àwọn kan lè ní kí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà lò. Àyálò kò burú, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò oríkì. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́ pàápàá, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin unspecified àti undefined kò tó nǹkan. Ìwé òfin ni ó là wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ka oríkì náà tán kí ó tó sọ ọmọ náà lórúkọ.