Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Sá Fún Àtúnṣe Kọ̀ǹpútà, Ẹ Gbọ́ O

Àwọn àgbà ló sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ inú rẹ̀. Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa débi pé a ti ń pa á láìronú sí i mọ́. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i lọ́sẹ̀ yìí, nítorí ògiri kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kó dúkìá sí ẹ̀yìn rẹ̀ lónìí, a kò fojú rí i, ẹnu rẹ̀ sì ti là gbàgà.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ìbàdàn tó ń ta irin, sìmẹ́ǹtì àti páànù. Ọjà rẹ̀ ń tà dáadáa, ṣùgbọ́n àwìn ni púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ń rà, tí wọ́n á máa san án díẹ̀díẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà kan ní yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni gbogbo àkọsílẹ̀ gbèsè náà wà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Manchester, tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣirò owó, ló ń bá a tọ́jú rẹ̀. Obìnrin náà kì í wọ bàálù wá sílé kó tó ṣe é. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, yóò jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lọ́hùn-ún, yóò gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú kọ̀ǹpútà Ìbàdàn, yóò sì máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bí ẹni pé iwájú rẹ̀ gan-an ló wà. Ohun tí wọ́n ń pè ní Remote Desktop nìyẹn.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ọ̀nà náà dí lójijì. Obìnrin náà pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, kọ̀ǹpútà yín kò gbà mí wọlé mọ́ o.” Wọ́n ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ó wò ó títí, ó ní, “Àtúnṣe tuntun tó wọ kọ̀ǹpútà àǹtí ló dá wàhálà sílẹ̀. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Èmi náà á pa tibí, kò ní gba àtúnṣe kankan mọ́ láé.” Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀nà sì là. Gbogbo wa yin ọmọ náà. Èmi tí mo ń kọ èyí wà lára àwọn tó yìn ín.

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ mi ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kò sì rí ohun kan ṣí mọ́ nínú kọ̀ǹpútà náà. Lẹ́tà kan ló bá lójú rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́: kí ó san owó Bitcoin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní rí ìwé rẹ̀ mọ́. Kò san án. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ gbèsè ọdún méjì ló lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà tó jẹ́ olóòótọ́ wá fẹnu ara wọn sọ iye tí wọ́n jẹ, wọ́n sì san án. Àwọn yòókù ní àwọn kò jẹ kọ́bọ̀. Kí ló fẹ́ fi mú wọn?

Ẹni tó yẹ kọ̀ǹpútà náà wò sọ fún wa pé ojú ọ̀nà tí àbúrò rẹ̀ ń gbà wọlé gan-an ni àwọn olè náà gbà. Páásíwọ́ọ̀dù ibẹ̀, orúkọ ṣọ́ọ̀bù ni, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n ṣí i. N kò ní sọ pé àìgba àtúnṣe nìkan ló fa àjálù yìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá ti pinnu pé òun kò ní tún ilẹ̀kùn òun ṣe mọ́, kì í pẹ́ tí kò fi ní bìkítà nípa kọ́kọ́rọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2018 yẹn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kan bá fẹ́ wọ inú èkejì, ẹ̀ka kan wà nínú Windows tó ń bójú tó ẹ̀rí pé ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ni ẹni tó pe ara rẹ̀. CredSSP ni orúkọ ẹ̀ka náà. Àwọn onímọ̀ rí i pé àlébù wà níbẹ̀: ẹni tó bá lúgọ sí àárín ọ̀nà lè fi ẹ̀rí ẹlòmíràn pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń wọ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2018, Microsoft gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde, wọn kò sì fi dandan mú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, wọ́n yí òfin náà padà: kọ̀ǹpútà tó bá ti gba àtúnṣe kò ní gbà láti wọ inú èyí tí kò tíì gbà á.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kọ̀ǹpútà Manchester ti gba àtúnṣe, ti Ìbàdàn kò gbà á. Àtúnṣe yẹn kò bàjẹ́ rárá, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Ó dà bí àlejò tó dé ẹnu ọ̀nà, tó rí i pé àgádágodo ilé ti já, tó sì ní òun kò ní kó ẹrù òun wọlé títí wọn yóò fi tún un ṣe. Dípò kí á tún àgádágodo náà ṣe, ńṣe la bu àlejò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Kọ̀ǹpútà méjì ló ń jọ ṣe iṣẹ́ yìí, èyí tó ń wọlé àti èyí tí wọ́n ń wọ̀. Bí ọ̀kan bá gba ìtọ́jú tí èkejì kò gbà á, bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn iwájú tó gbàgbé ti ẹ̀yìn ni.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ìkìlọ̀ tó ju ìyẹn lọ jáde. Microsoft kéde pé ihò kan wà nínú Remote Desktop lára Windows 7, Windows XP, àti àwọn Windows Server ọdún 2003 àti 2008. BlueKeep ni wọ́n pe ihò náà. Olè tó fẹ́ gba ibẹ̀ kò nílò páásíwọ́ọ̀dù, kò sì dúró kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Èyí tó tún burú jù ni pé kòkòrò tó bá gba ibẹ̀ wọlé lè fúnra rẹ̀ fò láti ara kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n ti dẹ́kun ìtọ́jú Windows XP, síbẹ̀ ẹ̀rù bà wọ́n débi pé wọ́n ṣe àtúnṣe fún òun náà. Nígbà tí onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà yẹ íntánẹ́ẹ̀tì wò ní ìparí oṣù yẹn, kọ̀ǹpútà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan ló bá níta tí ihò náà ṣì wà lára wọn. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn olè ti ń gba ibẹ̀ wọlé, tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà olóhun wa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ara wọn. Windows 7 ni kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ mi.

Kí ló dé tí ẹ̀rù fi bà wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ọgbẹ́ ọdún 2017 kò tíì san ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò mìíràn nínú Windows wọlé. Àtúnṣe ihò náà ti wà nílẹ̀ láti oṣù Kẹta, nǹkan bí oṣù méjì ṣáájú. Ní ilẹ̀ England, 81 nínú àwọn àjọ ilé ìwòsàn ìjọba 236 ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Wọ́n dá àwọn aláìsàn padà sílé, wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Ẹ sì mọ iye àwọn ọmọ wa tó ń ṣe nọ́ọ̀sì àti dókítà nínú àwọn ilé ìwòsàn yẹn. Àìtètè mólè ni, tí olè fi ń mólóko.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan. Àwọn tó ń sá fún àtúnṣe náà ní ẹjọ́ tiwọn, a kò sì gbọ́dọ̀ pè wọ́n ní òmùgọ̀, nítorí àtúnṣe mìíràn máa ń gbé àlébù tirẹ̀ wọlé. Ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, Microsoft gbé àtúnṣe kan jáde fún Windows 11, irú èyí tí wọ́n ń ní kí ẹni tó bá wù kọ́kọ́ tọ́ wò. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe? Bí ẹni tó gbà á bá fi Remote Desktop wọ àwọn Server àtijọ́, ti ọdún 2016 sẹ́yìn, ọ̀nà náà lè já lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 65 péré. Nígbà tí àtúnṣe gbogbogbòò ti oṣù Kẹta dé, àwọn tó ń ké pọ̀ sí i. Ọjọ́ 27 oṣù náà ni àtúnṣe tó wo ọgbẹ́ náà sàn tó jáde. Láàárín ìgbà kan náà, àtúnṣe oṣù Kejì fún Windows Server 2025 ń mú kí ojú Remote Desktop dì gbagidi: ẹ ó tẹ bọ́tìnnì, kò ní dá yín lóhùn, àfi tí ẹ bá jáde kí ẹ tún wọlé.

Báwo ni mo ṣe mọ gbogbo èyí? Àwọn tó ṣe é ló fẹnu ara wọn sọ ọ́. Microsoft ní àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń kọ àwọn àlébù tí wọ́n ti mọ̀ sí: ohun tó bàjẹ́, ọjọ́ tí wọ́n mọ̀, irú kọ̀ǹpútà tó kàn, ohun tí èèyàn lè fi gbọ́ bùkátà kí ìwòsàn tó dé, àti ọjọ́ tí ìwòsàn dé. Fún ìṣòro ìṣẹ́jú-àáyá 65 yẹn, wọ́n rí ọ̀nà fa ibi tó bàjẹ́ nìkan sẹ́yìn, láìyọ gbogbo àtúnṣe náà. Ẹ fi èyí wé ohun tí ọmọkùnrin ti Ìbàdàn ṣe: ẹ̀gún kan gún wa lẹ́sẹ̀, ó gé ẹsẹ̀.

Mo gbé oríyìn fún ẹni tó bá lè jókòó kọ àlébù ọjà ara rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ayé kà á. Ìyá aláṣọ òkè tó bá tú aṣọ fún oníbàárà, tó fi ibi tí òwú ti já hàn án kó tó gbowó, òun ni oníbàárà ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ìwà yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn tó ń ṣàkóso wa? Tí iná bá lọ, kò sẹ́ni tó ń kọ ohun tó bàjẹ́ àti ọjọ́ tí yóò dá padà sí gbangba fún wa. Tí afárá bá sán, ọ̀dà ni wọ́n ń fi bò ó. Ẹni tó bá fi ọgbẹ́ han ni à ń bá wá oògùn.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Dátà wọ́n, àtúnṣe sì máa ń jẹ dátà bí iná ṣe ń jẹ kòrikò. Iná ọba sì lè lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà wà láàárín iṣẹ́. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ẹ ra dátà òru tó dínwó, kí ẹ jẹ́ kí bátìrì kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ṣe é ní ọjọ́ tí ọjà kò le. Kí ẹ tó ṣe é, ẹ da ìwé yín kọ sórí ẹ̀rọ ìkówèésí mìíràn, kí ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà, kí ẹ gbé e síbòmíràn. Ká ní ọ̀rẹ́ mi ṣe èyí nìkan, ì bá fi àwọn olè yẹn rẹ́rìn-ín.

Ẹ tún jẹ́ kó yé yín pé ilẹ̀kùn Remote Desktop kò yẹ kó kọjú sí ìta gbangba íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní kí ẹni tó mọṣẹ́ fi VPN ṣe ọgbà yí i ká. Ẹ lo páásíwọ́ọ̀dù gígùn, kí ẹ sì fi kóòdù inú fóònù ṣe ẹlẹ́rìí kejì. Àtúnṣe tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò, ẹ lè jẹ́ kí ẹlòmíràn tọ́ ọ wò. Èyí tó bá jẹ́ ti ààbò, ẹ má fi dọ́la, kí ẹ sì ṣe é fún kọ̀ǹpútà méjèèjì. Bí ọ̀nà bá sì dí lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ka àkọsílẹ̀ àlébù kí ẹ tó yọ ohunkóhun.

Fún àwọn tó ṣì ń lo Windows 10, ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ìtọ́jú ọ̀fẹ́ gbogbogbòò rẹ̀ parí. Bákan náà ni áàpù Remote Desktop tí wọ́n ń gbà ní ilé ìtajà Microsoft fún Windows: láti ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni wọ́n ti pa á tì, tí wọ́n fi Windows App rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó ń lo AnyDesk náà kò gbọ́dọ̀ sùn. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kéde pé àwọn kan ti wọ inú ẹ̀rọ òun, ó sì rọ àwọn oníbàárà láti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù kí wọ́n sì gba ẹ̀dà tuntun. Ẹnikẹ́ni tó bá sì pè yín lórí fóònù pé láti báńkì ni òun ti ń pè, pé kí ẹ jẹ́ kí òun wọ inú kọ̀ǹpútà yín láti bá yín tún nǹkan ṣe, ẹ pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Gbájúẹ̀ ni.

Ọ̀rẹ́ mi ṣì ń ta irin. Ó ti ra kọ̀ǹpútà mìíràn, àbúrò rẹ̀ ṣì ń ti Manchester wọ inú rẹ̀ lálaalẹ́, àwọn méjèèjì sì jọ ń gba àtúnṣe. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé ìwé ńlá kan tún wà lórí tábìlì rẹ̀ báyìí, tó ń fi bírò kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá ràwìn sí. Mo bi í léèrè, ó wò mí, ó ní, “Ọ̀rẹ́, ìwé yìí kò mọ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì.” N kò bá a jiyàn.