Ẹnubodè Tí A Tì

Ní oṣù Keje ọdún 2019, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí ìlú Niamey, ní orílẹ̀-èdè Niger. Níbẹ̀ ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fi ọwọ́ sí àdéhùn pé kí ọjà máa ti ilẹ̀ Áfíríkà kan bọ́ sí èkejì láìsí ìdènà. Kí oṣù Kẹjọ tó parí, ìjọba wa ti ti ẹnubodè, nígbà tí ó sì fi di oṣù Kẹwàá, wọ́n kéde pé ẹrù kankan kò gbọ́dọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé tàbí jáde mọ́. Lójú tèmi, ìpinnu náà kò tọ́.

Kí a má purọ́ mọ́ ìjọba, ó ní ìdí. Ìrẹsì tí ń gúnlẹ̀ sí èbúté Cotonou pọ̀ ju èyí tí àwọn ará Benin lè jẹ tán lọ. Òru ni wọ́n ń gbé e gba inú igbó wọ ilẹ̀ wa, àwọn àgbẹ̀ wa sì ń kígbe. Bẹ́ẹ̀ ni epo bẹntiróòlù, tí a ń fi owó ìlú dín iye rẹ̀ kù, ń gba ọ̀nà kan náà jáde.

Ṣùgbọ́n ta ni ìlẹ̀kùn náà há mọ́ òde? Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ti dé Ìdìrókò rí mọ̀ pé kì í ṣe onífàyàwọ́ nìkan ní ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ pín ilẹ̀ náà láìbi onílẹ̀ léèrè: Kétu bọ́ sí apá Faransé, Ìmẹ̀kọ, tí í ṣe ọmọ ìyá rẹ̀, bọ́ sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Obìnrin tí ó ru agbọ̀n tòmátì láti apá kan lọ sí ọjà apá kejì kò mọ̀ pé òwò ilẹ̀ òkèèrè ni òun ń ṣe. Ọ̀nà tí ìyá rẹ̀ ń tọ̀ ni òun náà ń tọ̀. Òun ni ọjà rà mọ́ lọ́wọ́. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó àwọn àgbẹ̀ Benin jẹrà. Àwọn ọkọ̀ ẹrù tí ó ti Ghana wá dúró pa sí Sèmè. Ìrẹsì gbówó lórí lọ́jà tiwa. Onífàyàwọ́ ńkọ́? Ó mọ ọ̀nà inú igbó. Kò fi ìgbà kan bèèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ aṣọ́bodè.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kì í ráyè wọ ibẹ̀. Epo tí ó bá pọ̀ níhìn-ín, tí ó sì wọ́n lọ́hùn-ún, kò sí ẹ̀ṣọ́ tí ó lè dá a dúró. Nígbà tí a mú owó ìrànwọ́ orí epo kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ní Benin wọ́n gógó lójú ẹsẹ̀, láìsí pé a ti Sèmè. (Ìyà tí ìyẹn fi jẹ àwa náà nílé, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.)

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2021 ni òwò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àdéhùn tí a fi ọwọ́ sí ní Niamey. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà tí a ṣí Sèmè. Obìnrin alágbọ̀n tí ó ti fi oṣù mẹ́rìndínlógún jẹ owó òwò rẹ̀ tán, kí ni yóò fi bẹ̀rẹ̀?